Ẹni Tí Yóò Fi Báàjì Sí Corinne Láyà

Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n máa ń kí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama ni Norine Vasko purọ́ nínú ilé Ọlọ́run, kò sì la ẹnu rárá tó fi pa á. Súwẹ́tà ló bá a pa á.

Ní ìlú Brannock, ní ìpínlẹ̀ Ohio, bí oṣù kẹfà bá ti wọlé, àwọn ọmọ náà á tò síwájú pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Lútérì tó wà létí odò, oníkálukú nínú súwẹ́tà tí wọ́n kọ orúkọ ilé ìwé gíga tó ń lọ sí gàdàgbà-gadagba sí àyà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bi ọmọ kankan ní ìbéèrè lọ́jọ́ náà. Àyà ni wọ́n ń kà. Àwọn ìyá á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á máa ka àyà ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń ka ìwé orin, ẹni tí ọmọ tirẹ̀ bá sì wọ orúkọ ńlá, ohùn rẹ̀ á ròkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nínú orin tó bá tẹ̀ lé e.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Norine bí, Corinne lorúkọ rẹ̀. Nígbà ìrúwé ọdún náà ni yunifásítì ńlá ti ìpínlẹ̀ ní àwọn gba ọmọ náà wọlé. Kí ọmọ tó sọ pé òun ń lọ tàbí òun ò lọ, Norine ti ra sítíkà yunifásítì náà, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò. Káàdì báńkì ló fi fara balẹ̀ tẹ atẹ́gùn abẹ́ rẹ̀ jáde, kó má baà wú. Súwẹ́tà náà ti wà nílé, ó ti ṣe pẹlẹbẹ nínú ọ̀rá rẹ̀, kí Corinne tó ṣí ọ̀rọ̀ náà nídìí oúnjẹ alẹ́.

"Mọ́mì, mi ò lọ sí yunifásítì yẹn o."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

Lyle, bàbá ọmọ, tó ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì fún káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. "Jẹ́ kọ́mọ parí ọ̀rọ̀ ẹ̀."

"Wọ́n ti mú mi sí ẹ̀ka nọ́ọ̀sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì orí òkè," ni Corinne wí. "Èrò tó béèrè pọ̀, díẹ̀ ni wọ́n mú. Láàárín ọdún méjì, mo ti di nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe nìyẹn, Mọ́mì. Mi ò wá ohun mìíràn lọ."

"Orí òkè!" ni Norine pariwo. "Kíláàsì kẹtàlá!"

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Brannock ṣe ń fi Kọ́lẹ́ẹ̀jì Káúńtì Delmar ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà tí Norine fúnra rẹ̀ ti wà nílé ìwé. Kíláàsì méjìlá ni girama parí sí. Ẹni tó bá wá gun òkè, tó kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta katakata, tó yà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì káúńtì, wọ́n á ní kò lọ síbì kankan, ó kàn fi kíláàsì kan kún kíláàsì ni. Yàtọ̀ sí ẹ̀ka bíi ti nọ́ọ̀sì, kò sí ìdánwò líle kan tí wọ́n fi ń dá ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣáà ti fẹ́ kàwé ni wọ́n ń gbà, àmọ́ lójú àwọn ènìyàn bíi Norine, ibi tó bá ń gba gbogbo èèyàn kò lè jẹ́ ibi gidi.

Ẹ̀bẹ̀ kò ran ọmọ náà. Ìbínú pàápàá kò ràn án. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú yẹn, Norine gbé súwẹ́tà náà lọ sí yàrá Corinne.

"Tòní nìkan," ni ó wí. "Ojú ta ló máa fọ́? Wọ́n ṣáà gbà ẹ́ wọlé lóòótọ́. Wọ̀ ọ́ lónìí, ká lè kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú àlàáfíà."

Corinne wọ̀ ọ́. Ó dúró síwájú pẹpẹ, ó ká ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sáyà, ó fi apá bo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Pásítọ̀, èèyàn rere tó fẹ́ràn àwàdà, rẹ́rìn-ín sí i. "Ọmọbìnrin, gbé apá kúrò ńbẹ̀ jọ̀ọ́, ká rí i kà." Ọmọ náà sọ apá kalẹ̀. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Norine náà pàtẹ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja.

Tòní nìkan di ọdún méjì. Irọ́ tí Norine ń pa kò pọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fojú àánú wò ó. Lẹ́yìn ìsìn, nídìí kọfí, wọ́n á ní, "Corinne ńkọ́? Ṣé ó máa ń wálé?" Á ní, "Ó ń wálé dáadáa." Òótọ́ sì ni. Ojoojúmọ́ ni ọmọ ń wálé. Yàrá rẹ̀ ló ń sùn, ó ń jẹ búrẹ́dì inú ilé, òun ló sì ń gbé ike ìdọ̀tí jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Aṣọ ni ìṣòro. Aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì orí òkè jẹ́ àwọ̀ osùn, ṣòkòtò àti ẹ̀wù, wọ́n sì fi òwú funfun kọ orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì sí àyà òsì. Norine kò ní kó má wọ̀ ọ́. Ó kàn ní kó má wọ̀ ọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, kó má wọ̀ ọ́ wá gbé òun níbi iṣẹ́, kó má sì wọ̀ ọ́ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ tí àwọn obìnrin bá ń kọ́ orin. Corinne kò jiyàn. Ó ní, "Ó dáa, Mọ́mì," bí ìgbà tí wọ́n ní kó ra mílíìkì bọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Norine yà sí ilé epo tó wà lábẹ́ òkè. Ó rí mọ́tò kékeré ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ń kó àgbá sí. Inú mọ́tò náà ń mì. Ó rí ìgúnpá kan tó gbá gíláàsì, ó rí ẹsẹ̀ ṣòkòtò àwọ̀ osùn tó fò sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ọmọ òun ló ń bọ́ aṣọ nínú mọ́tò tóóró yẹn bí olè tó fẹ́ paradà, nítorí ó fẹ́ yà ra ẹyin fún ìyá rẹ̀ lọ́nà. Norine yí orí mọ́tò padà, ó wà á lọ láìra epo. Ó dé ilé, ó jókòó sínú ọkọ̀ níwájú géréèjì, kò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. "Olúwa, bò mí," ni ó wí. Kò bẹ Olúwa pé kó gba òun lọ́wọ́ irọ́. Ìbora ló béèrè, bí ẹni tí òtútù ń mú.

Ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò tiẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Òun ló ń dáhùn fóònù fún dókítà eyín kan láàárín ìlú. Renata, tó ń fọ eyín fún àwọn èèyàn níbẹ̀, orí òkè ló ti kọ́ iṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni tó tún ẹ̀rọ tó ń mú ilé Norine móoru ṣe nígbà òtútù, orí òkè. Àwọn panápaná, tí wọ́n tún ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn, tó wá gbé aládùúgbò wọn lọ́jọ́ tí àyà ń dùn ún, orí òkè. Norine mọ̀. Ó máa ń kí wọn, á sì fún wọn ní bisikíìtì nígbà Kérésì. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn ni gbogbo wọn.

Ní ìgbà òtútù kejì ni Willa Stroh ṣubú lórí yìnyín tó dì, egungun ìdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Opó ni, ó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, òun ló sì ń se kọfí ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ti lè rántí. Kọfí rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ le jù ú lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ nílé ìwòsàn. Ní Ọjọ́ Àìkú tó kọ́kọ́ padà wá, ó ti ẹ̀rọ ìrìn onírin rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ènìyàn dìde kí i. Ó wò yíká títí ó fi rí ẹni tó ń wá.

"Norine! Ọmọ ẹ wẹ̀ mí."

Ṣíbí tí Norine fi ń ro kọfí dúró nínú ife.

"Ẹ... ẹ ní kí ni, mà?"

"Mo ní ọmọ ẹ wẹ̀ mí lọ́jọ́bọ̀. Ó wẹ ẹ̀yìn mi, ó wẹ àlàfo ìka ẹsẹ̀ mi, ibi tí èmi fúnra mi ò tíì fojú kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Ọwọ́ ẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tó kù níbẹ̀, wọ́n ń bó mi bí ẹyin."

"Ó... ó máa ń lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ ni," ni Norine wí, "nígbà ìsinmi." Irọ́ kejì jáde ṣaájú kó tó rí i mú.

"Ìrànlọ́wọ́ kẹ̀? Wọ́n kọ ọ́ sí i láyà: Kọ́lẹ́ẹ̀jì Káúńtì Delmar. Ìdí mi ló ṣẹ́ o, ojú mi ṣì ń ríran."

Gail Dorsch, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ìjọ, pàtẹ́wọ́ lójijì. "Ẹ wá gé kéèkì yìí o, kó tó tutù!" Inú fíríìjì ni kéèkì náà ti jáde. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn yí sí i, wọ́n ń gba abọ́, wọ́n ń pariwo nípa ọsàn wẹ́wẹ́ tó wà lórí rẹ̀. Norine dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Ìyá Stroh ní kó wá bá òun fọ ife. Nínú kíṣìnnì, arúgbó náà jókòó sórí àga gíga, ó ń nu, Norine ń fọ̀.

"Kíláàsì kẹtàlá, àbí?" ni Ìyá Stroh wí.

Norine ń fọ ife kan náà lọ.

"Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé òjò ló gbá kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn wá sórí òkè. Ọdún tí ilé iṣẹ́ gíláàsì kógbá sílé, ọkùnrin kún orí títì bí ẹyẹ orí wáyà. Otto ọkọ mi wà láàárín wọn. A wá ní kí ìlú dìbò, kí wọ́n fi díẹ̀ kún owó orí ilé, kí káúńtì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀. Oyún Ruthann ọmọ mi wà níwájú mi, mò ń kan ilẹ̀kùn kiri. Bàbá kan tú ajá sí mi! Mo ní, 'Ẹ mú ajá yín, ọmọ yín náà máa kàwé ńbẹ̀.'"

"Ṣé ó mú un?"

"Ó mú un ná. Ọmọ ẹ̀ náà sì kàwé ńbẹ̀. A wọlé ìdìbò yẹn, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló kù ká fìdí rẹmi. Ilé tí wọ́n máa ti kàwé ni kò wá sí. Ta ló máa fún wa nílé? Abẹ́ ṣọ́ọ̀bù bàtà tí wọ́n ti tì pa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ ń rùn bí awọ. Àwọn dígí kúkurú tí wọ́n fi ń wo bàtà ṣì wà lára ògiri, tí tíṣà bá ń kọ nǹkan sójú pátákó, ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan làwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń rí nínú dígí. Otto ní òun mọ bàtà tíṣà òun ju ojú ẹ̀ lọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ náà. "Iṣẹ́ yíyàwòrán ẹ̀rọ ló kọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣé o mọ aṣọ tó wọ̀? Kóòtù tá a fi ṣègbéyàwó. Láti fi sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ ṣọ́ọ̀bù bàtà! Àwọn tó wà lórí títì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ojú ò tì í."

"Otto yín, èèyàn dáadáa ni."

"Mi ò sọ nípa Otto mọ́. Ṣé ọmọ yẹn ló ń tì ẹ́ lójú?"

"Corinne? Rárá o! Rárá, mà. Kì í ṣe òun. Èmi ni... ẹnu mi ló ti bá ọ̀nà kan lọ, mi ò wá mọ bí mo ṣe máa dá a padà."

"Òun rò pé òun ni o. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹ ò fi sọ fún wa pé orí òkè ló wà. Ó ní, 'Mo ń ti Mọ́mì lójú, mà.' Bí ẹni ń sọ pé yìnyín ń bọ́ níta ló ṣe sọ ọ́. Ó sì ń fọ ẹsẹ̀ mi lọ."

Norine di etí páànù omi mú. Omi náà gbóná, kò sì yọ ọwọ́ kúrò.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ẹnu tí yóò fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Á dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, á gbọ́ tó ń ka orúkọ iṣan àti egungun sókè fún ara rẹ̀, á ní, "Ṣé wàá mu tíì?" Corinne á ní, "Ẹ ṣeun, Mọ́mì." Á gbé tíì wá. Ọ̀rọ̀ náà á sì wọlé padà pẹ̀lú ife tó ṣófo.

Ìgbà ìrúwé dé. Kí àwọn nọ́ọ̀sì orí òkè tó gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n máa ń ní ìrọ̀lẹ́ tiwọn lọ́tọ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń fi báàjì nọ́ọ̀sì, irin kékeré alábẹ́rẹ́, sí wọn láyà. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń yan ẹni tí yóò fi báàjì náà sí i. Ìyá ni ọ̀pọ̀ ń mú. Àwọn kan á mú ọkọ, àwọn kan á mú ẹni tó bá wọn tọ́jú ọmọ nígbà tí wọ́n ń kàwé. Ẹni kan ṣoṣo ni. Norine ra aṣọ aláwọ̀ ewé kan, ó sì gbé e kọ́ ibi tí Corinne á máa rí i tó bá ń kọjá. Kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń retí kí wọ́n bi òun.

"Renata ní wọ́n ti ya gbọ̀ngàn eré ìdárayá sọ́tọ̀ fún un," ni ó máa ń wí, láìwo ẹnikẹ́ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Corinne á fèsì.

"Ó ní báàjì náà kéré, pé ó ń fẹ́ ọwọ́ tó dúró."

"Hùn-ún."

Lyle á máa wo abọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń ka fóònù.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọjọ́ pé, Norine bá ọmọ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ń ká aṣọ àwọ̀ osùn náà.

"Corinne. Báàjì yẹn. Ọwọ́ ta ló máa wà?"

Ọmọ náà ká apá ẹ̀wù kan wọ inú, ó ká èkejì. "Mo ti sọ fún Ìyá Stroh."

"Ẹn-ẹn."

"Mọ́mì, mi ò bínú sí yín."

"Mi ò sọ pé o bínú."

"Mi ò kàn fẹ́ kẹ́ ẹ dúró síwájú gbogbo èèyàn yẹn, kẹ́ ẹ máa wò yíká bóyá ẹnì kan mọ̀ yín níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo ni. Mo fẹ́ ẹni tí kò ní wò yíká."

Norine fẹ́ sọ pé òun ò ní wò yíká. Ṣùgbọ́n ó mọ ọrùn ara rẹ̀, ó mọ iṣẹ́ tó ti fi ọrùn náà ṣe láti ọdún méjì. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Ìyá Stroh máa ń gbọ̀n o."

"Mo mọ̀."

"Má bínú, ọmọ mi."

Corinne gbé etí aṣọ ibùsùn kan lé e lọ́wọ́, òun náà mú etí kejì, wọ́n jọ fà á, wọ́n jọ ká a. 

Norine rò pé ohun kan ṣì wà tí òun lè ṣe. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kí wọ́n tó gbàdúrà fún ìjọ, Pásítọ̀ máa ń béèrè ẹni tó ní ayọ̀ tàbí àníyàn. Ẹni tó bá ní á nawọ́, á dìde, á sọ ọ́ níbi tó wà. Nígbà mìíràn á jẹ́ orúnkún tí dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún, nígbà mìíràn ológbò tó sọnù. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣaájú ọjọ́ báàjì, Norine nawọ́. Lyle fi ìyàlẹ́nu wò ó. Corinne tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ tẹ orí ba.

"Ayọ̀ ni mo ní," ni Norine wí. Ohùn rẹ̀ rìn bí ẹni tó wọ bàtà tí kì í ṣe tirẹ̀. "Wọ́n ń fi báàjì nọ́ọ̀sì sí Corinne láyà lọ́jọ́ Ẹtì. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì káúńtì. Kò fìgbà kan wà níbòmíràn. Èmi ni mo jẹ́ kẹ́ ẹ rò pé..."

"A mọ̀, Norine," ni Gail Dorsch wí láti ẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Norine yíjú padà. "Ẹ mọ kí ni?"

"A ti mọ̀ tipẹ́. Àbúrò mi ló ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ ara níbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ wọlé."

"Mọ́tò ẹ̀ máa ń wà lórí òkè lójoojúmọ́," ni ọkùnrin kan wí. "Mo máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

"Àwa ò kàn fẹ́ kójú tì ẹ́ ni," ni Gail parí ọ̀rọ̀.

Gbogbo ìjọ sì mi orí, tàánútàánú. Norine ṣì wà lórí ìdúró. Ó rántí gbogbo "Corinne ńkọ́?" tí wọ́n ti bi í láti ọdún méjì. Ó rántí kéèkì tútù tí wọ́n sáré gé. Ìbora tó béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, Ọlọ́run ti fún un látìgbà náà. Ẹnu gbogbo ará ìjọ ló fi bò ó. Òun nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò mọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ síta. Pásítọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ fún Corinne," ó sì yára gbàdúrà.

Nínú mọ́tò, Corinne ń wo ìta. "Ẹ ò ní láti ṣe bẹ́ẹ̀, Mọ́mì."

"Mo rò pé inú ẹ máa dùn."

"Ojú tì mí."

"Ẹ ti wá pé méjì báyìí," ni Lyle wí, ó sì tan iná pé òun fẹ́ yà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Norine wọ aṣọ aláwọ̀ ewé náà, ó sì gun òkè. Kò tíì wọ inú ibẹ̀ rí láyé rẹ̀. Òórùn irin jíjó ń wá láti yàrá àwọn wẹ́dà. Níwájú yàrá kan, àwọn obìnrin tó ti ilé iṣẹ́ ẹran dé, ọ̀pọ̀ wọn láti Guatemala, ń tún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà pè lẹ́yìn tíṣà wọn, wọ́n ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Ìkòkò wíwọ́ àwọn arúgbó tò sórí fèrèsé. Ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló wá ṣe.

Gbọ̀ngàn kún. Wọ́n ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan tí bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ fi báàjì sí ìyàwó rẹ̀ láyà, ó sì bú sẹ́kún ju ìyàwó lọ. Ọmọbìnrin kékeré kan gun orí àga kó tó lè kan àyà ìyá rẹ̀. Wọ́n pe Corinne Vasko. Lyle ti Ìyá Stroh lẹ́yìn gun àtẹ̀gùn, ẹ̀rọ ìrìn ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀. Arúgbó náà na ọwọ́. Ọwọ́ náà gbọ̀n. Báàjì náà bọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún bọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn dúró dè é. Corinne bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó gbé àyà sún mọ́ ọn, ó ń bá a sọ ohun kan tí Norine kò gbọ́. Lẹ́yìn náà, "Áà!" ni Corinne ké, abẹ́rẹ́ ti gún un.

"Ẹ̀jẹ̀ ti jáde, o ti di nọ́ọ̀sì," ni Ìyá Stroh wí sókè, gbọ̀ngàn sì bú sẹ́rìn-ín.

Norine kò wò yíká. Ìgbà tí ọrùn ń dùn ún ló tó mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti pe orúkọ ọmọ náà ni òun ti gan sójú kan. Kò sí ẹni tó rí i pé kò wò yíká. Gbogbo wọn ń wo iwájú.

Nídìí tábìlì tí wọ́n to kéèkì àti omi èso sí, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí rẹ́rìn-ín sí i. "Èwo ni tiyín níbẹ̀?"

"Èyí tí abẹ́rẹ́ gún yẹn. Tèmi ni. Ibí yìí ló ti kàwé," ni Norine wí, ó sọ ọ́ ketekete, ó sì gbé àgbọ̀n sókè dúró de ohun tí obìnrin náà máa wí.

Obìnrin náà wò ó. "Ibí náà ni gbogbo wọn ti kàwé, mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Norine wí. "Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni." Ojú rẹ̀ gbóná títí dé etí.

Corinne dé pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Báàjì náà wọ́ sí apá kan, orí rẹ̀ dojú kọ èjìká. Ọwọ́ Norine gbéra. Ọwọ́ tó ti tún kọ́là ọmọ yìí ṣe láti ìgbà tí ọmọ ti ní ọrùn, ó ti dé agbedeméjì kó tó mọ̀ ọ́n. Ó dá a padà, ó fi di abọ́ kéèkì rẹ̀ mú.

"Ó dára lára ẹ," ni ó wí.

"Ó wọ́."

"Mo rí i."

"Ẹ má tún un ṣe o."

"Mi ò fọwọ́ kàn án."

Ayàwòrán dé, ó ń kó àwọn nọ́ọ̀sì jọ pẹ̀lú àwọn tó fi báàjì sí wọn láyà. Corinne gbé ife rẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó lọ di apá Ìyá Stroh mú. Ayàwòrán wo inú kámẹ́rà, ó gbójú sókè.

"Ìyá aláṣọ ewé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Ẹ wà nínú fọ́tò."

"Mọ́mì mi nìyẹn," ni Corinne wí láti ibi tó wà. "Tiwọn ló kàn tẹ́ ẹ bá ti ya èyí tán. Mọ́mì, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn ná."

Norine bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Abọ́ wà lọ́wọ́ kan, ife wà lọ́wọ́ kejì, ó dúró síbi tí wọ́n ní kó dúró sí, ó ń retí kó kan òun.